Àfihàn mọ́tò àtijọ́ ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ni wọ́n ní kí n lọ páàkì 504 mi sí

Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan yìí, inú ló ń bí mi jù, mo ní kí n jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan fóònù. N ò ní dárúkọ àwọn tó ṣètò ẹ̀. Ilé ńlá àwọn olówó àtijọ́ kan ni, pápá gbalasa níwájú ẹ̀, ọjọ́ Sunday kan nínú oṣù July. Iye mọ́tò tó wá, aago tí wọ́n ṣí géètì, ẹgbẹ́ olórin tó kọrin, gbogbo ìyẹn wà lórí wẹ́ẹ̀bù wọn, ẹ lọ kà á níbẹ̀. Ohun tí ò sí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Mọ́tò tí mo gbé lọ ni Peugeot 504 station wagon ti ọdún 1977, oníjókòó ìlà mẹ́ta, irú èyí tí ẹni tó bá ti wọ mọ́tò láti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́ láyé ìgbà yẹn ti jókòó sẹ́yìn ẹ̀ rí tí orúnkún ń kan àyà. Bàbá mi wa irú ẹ̀ fún ọdún 19. Ilé tí wọ́n kọ́, owó ilé ìwé èmi àtàwọn àbúrò mi mẹ́rin, inú 504 ni gbogbo ẹ̀ ti jáde. Nígbà tí wọ́n fi máa kú, wọ́n ti ta mọ́tò yẹn tipẹ́, ẹni tó rà á sì ti tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ, ni mo bá wá ọ̀kan rà ní France ní 2016, 4,800 euro, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin la lọ gbé e, a wà á dé Calais, a bá ọkọ̀ ojú omi sọdá sí Dover, kò kú mọ́ wa lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé kí ló dé tí n ò wá èyí tí síteríǹgì ẹ̀ wà lápá ọ̀tún rà níbí. Láti April 2, 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lápá òsì títì bọ́ sápá ọ̀tún, apá òsì ni dẹrẹ́bà wa ń jókòó sí, ibẹ̀ ni bàbá mi jókòó sí, ibẹ̀ náà lèmi fẹ́ jókòó sí.

Torí pé ó ti lé ní 40 ọdún, n kì í san owó títì, ìjọba ò fi dandan mú mi ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, ULEZ gan-an, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín ẹ̀ pọ̀ ní London, ò kàn án. Síbẹ̀ mò ń gbé e lọ fún MOT lọ́dọọdún, torí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò yẹ abẹ́ ẹ̀ wò, pósí onítáyà ni bàbá mi máa ń pè é.

February ni mo ti forúkọ sílẹ̀. £35, mọ́tò kan èèyàn méjì. Wọ́n ní kí n fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́, mo fi mẹ́fà ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn mọ́tò náà ṣókí, mo kọ ọ́, mo tún jẹ́ kí ọmọ mi kà á wò. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n dáhùn pé wọ́n ti gbà mí, ìlà àwọn mọ́tò ilẹ̀ òkèèrè ni mo máa wà, wọ́n sì fi ìwé tí màá lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ránṣẹ́, nọ́ńbà 214. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Odindi Saturday ni mo fi fọ mọ́tò náà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni mo fi bọ́ sínú àwọn irin iwájú ẹ̀.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la dé géètì. Ọmọdékùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò wo ìwé wa, ó wo mọ́tò, ó tún wo ìwé, ó ní ká dúró, ó fi rédíò ọwọ́ ẹ̀ pe ọ̀gá ẹ̀. Bá a ṣe dúró síbẹ̀ mọ́tò mẹ́ta kọjá lára wa: MG pupa kan, Jaguar E-Type kan, àti Porsche kan tí n ò rò pé ó tó ọdún 15 tí wọ́n ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó yẹ ìwé wọn wò o, ọwọ́ ni wọ́n kàn ń jù sí wọn pé kí wọ́n máa wọlé.

Ọ̀gá náà dé. Á tó 60 ọdún, akẹtẹ̀ lórí, báàjì láyà, pátákó tí wọ́n fi ń há ìwé lọ́wọ́. Kò kí wa. Fèrèsé apá ọ̀tún ló lọ tààrà, torí ibẹ̀ ni dẹrẹ́bà máa ń wà nílùú wọn, ọmọ mi ló bá níbẹ̀, ọmọ mi sì nawọ́ sí mi, ó ní "Mọ́mì mi ló ni ín." Ọkùnrin yìí wá yípo iwájú mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ ni pé, "Ta ló ni mọ́tò yìí?"

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lóhùn.

Mo ní èmi ni. Ó ní ṣé ọkọ mi ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé géètì tó wà lẹ́yìn làwọn tó wá ta oúnjẹ ń gbà wọlé. Ìwé 214 wà lára gíláàsì níwájú ojú ẹ̀ o, ó tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Mo fi ìka kàn án fún un. Ó wá orúkọ mi nínú ìwé ọwọ́ ẹ̀, ó rí i, mo rí i pé ó rí i torí ìka ẹ̀ dúró lórí ẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó wo mọ́tò mi láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní ìlà ilẹ̀ òkèèrè ti kún, àti pé ká tiẹ̀ sòótọ́, "mọ́tò iṣẹ́ lèyí, kì í ṣe mọ́tò àfihàn." Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú fóònù mi lójú ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sọ fún mi lọ́la pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa.

Ó ní ká tẹ̀ lé ọmọ yẹn. Ọmọ yẹn ń sáré lọ níwájú, à ń tẹ̀ lé e, a kọjá àwọn Rolls-Royce, a kọjá ìlà ilẹ̀ òkèèrè yẹn gan-an, àlàfo mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ tí mo fojú ara mi kà, a kọjá àgọ́ ọtí, ó di ẹ̀yìn pápá pátápátá, àwọn ṣáláńgá oníke tí wọ́n ń yá lò tò lápá kan, jẹnẹrétọ̀ àwọn tó ń ta bọ́gà ń dún lápá kejì. Ó ní ibí nìyí. Ọmọ náà ní "Ẹ má bínú," òun nìkan ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo wọn lọ́jọ́ yẹn, n ò ní gbàgbé. Àlàfo tó yẹ kó jẹ́ ti 214, mo padà lọ wò ó láago mẹ́wàá, mo lọ láago méjìlá, mo lọ láago méjì. Kóònù rọ́bà kan ló wà níbẹ̀ títí wọ́n fi palẹ̀ mọ́.

Mọ́tò iṣẹ́. Mọ́tò tí wọ́n dìbò fún pé òun ni mọ́tò ọdún ní Yúróòpù ní 1969. Mọ́tò tó gba ipò kìíní nínú ìdíje mọ́tò Safari Rally ilẹ̀ Ìlà Oòrùn Áfíríkà ní 1975, tó tún lọ gbà á ní 1978, nínú eruku àti ẹrẹ̀ tó ti sọ àwọn mọ́tò oge di ìdọ̀tí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó ju mílíọ̀nù 3 tí wọ́n ṣe. Ní 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ń tò ó ní Kaduna ṣí, nígbà tí Yúróòpù sì ti jáwọ́ nínú ẹ̀ ní 1983, àwọn ará Kaduna ò jáwọ́ títí wọ ọdún 2000 kọjá. Pẹ́mìsẹ́kì gùn ún lọ sí ọ́fíìsì, ìyá alátà gùn ún lọ sọ́jà pẹ̀lú àpò mẹ́ta lórí ẹ̀. E-Type tó wọlé láìsí ìwé yẹn rẹwà, n ò jiyàn, bíi 72,000 ni wọ́n ṣe nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò tíì gbọ́ E-Type tó gbé aláboyún tí ọmọ ti mú láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà lóru. Bàbá mi ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò gba kọ́bọ̀.

Inú bí mi débi pé mo fẹ́ yí mọ́tò padà ká máa lọlé. Ọmọ mi ló ní, "Mọ́mì, a ti sanwó, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ wò ó." Mo rìn yíká, mo sì máa sòótọ́, àwọn nǹkan tí mo rí dára dé góńgó. Bentley ìgbà tí ogun àgbáyé kejì ò tíì jà, iná iwájú ẹ̀ tó abọ́ iyán. Citroën DS kan, dúdú, ti 1960 àti díẹ̀, ẹni tó ni ín tan án, mọ́tò náà sì dìde nílẹ̀, ìdí ló kọ́kọ́ gbé, bíi ràkúnmí, iwájú wá tẹ̀ lé e. Mo dúró níbẹ̀ fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ọkùnrin yẹn sì tan án lẹ́ẹ̀mẹ́ta nítorí tèmi, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi àwọn páìpù tí òróró ń gbà hàn mí. Ẹni tó mọ mọ́tò ẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ẹ wá wo ìlà tó kàn. Mọ́tò tí wọ́n fi tírélà gbé wá pẹ̀lú aṣọ lórí bí ìyàwó tuntun, tí ẹlòmíì ń fi òwú ìnuetí nu nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀, tí olówó ẹ̀ jókòó lórí àga kánfáàsì pẹ̀lú gíláàsì ọtí. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni yẹn bóyá kábúrétọ̀ méjì ló wà níbẹ̀ àbí mẹ́ta, ó ní kí n bi ọmọ tó ń nu táyà. Ọ̀rọ̀ owó ló wà lẹ́nu wọn: Mercedes tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù 135 euro ní 2022, Ferrari 250 GTO tó lọ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 48 dọ́là lọ́dún 2018. Ọmọ kékeré kan, kò ju ọdún márùn-ún lọ, fọwọ́ kan fẹ́ńdà ọ̀kan báyìí, wọ́n jágbe mọ́ ọn tó fi bú sẹ́kún. Bàbá ọmọ yẹn ló wá ń tọrọ àforíjì. Èyí dùn mí ju ti géètì lọ. Ibi tọ́mọdé ò ti gbọdọ̀ fọwọ́ kan irin, ta ló máa tún irin yẹn ṣe tí àwọn àgbà yìí bá lọ tán?

Ó tó bí aago mọ́kànlá kí n tó padà sídìí 504 mi, ibẹ̀ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà.

Àwọn tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá pẹ̀lú wa: tọkọtaya àgbàlagbà kan tó gbé Morris Minor wá, èyí tí wọ́n fi igi ṣe ẹ̀yìn ẹ̀, ọkùnrin Sikh kan láti Southall pẹ̀lú Ford Cortina bàbá ẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní Citroën 2CV tí òun fúnra ẹ̀ kùn. Ìyàwó oní-Morris ti da tíì fún wa kí n tó bọ́ sílẹ̀ tán láàárọ̀ yẹn, inú ló jẹ́ kí n má rí i. Oní-Cortina ní ọdún kẹta òun rèé níbí, àti pé kí n mú sùúrù. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ẹ wò ó, gbogbo ẹni tó wá sí pápá yẹn, olówó àti mẹ̀kúnnù, kò sẹ́ni tí ò ní wá tò sórí ìlà ṣáláńgá, tí wọ́n bá sì ti tò, mọ́tò wa ni wọ́n ń wò. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, èrò tó wà lọ́dọ̀ wa pọ̀ ju tàwọn Rolls-Royce lọ. Mo ṣí gbogbo ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, mo ní kí àwọn ọmọdé wọlé, wọ́n tò sí ìjókòó ẹ̀yìn, ọmọ mi ń pè wọ́n bíi kọ̀ńdọ́: "Ifẹ̀, Iléṣà, Àkúrẹ́, ó ku ẹnì kan!" Àwọn ọmọ òyìnbó ń pe Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹ̀.

Bàbá kan yà kúrò lórí ìlà, ọmọ Yorùbá, á tó 75, ọmọ-ọmọ ẹ̀ méjì lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n ní, "Dìde, ọmọ mi. Ti Kaduna ni àbí ti France?" Mo ní ti France ni, sà. Wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i, wọ́n tún tì í. Wọ́n ní ohùn ẹ̀ làwọn ń gbọ́. Wọ́n ní ọdún tí àwọn ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn ò ṣeé kà. Mo bu mọ́ínmọ́ín fún wọn, a ò sọ ohun púpọ̀ mọ́, wọ́n kàn jókòó sínú mọ́tò náà títí mọ́ínmọ́ín fi tán.

Lẹ́yìn náà ni bàbá oní-Bentley dé. Táì lọ́rùn, bàtà tó ń dán, mo mọ̀ ọ́n láti ìlà àwọn olówó, mo ti múra ìjà sílẹ̀ nínú mi. Wọ́n tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n sì dùbúlẹ̀ gbalaja sórí koríko níbi tí omi ṣáláńgá ti ń ṣàn kọjá nítòsí, wọ́n yọjú wo abẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò mi. "Súpírìn mẹ́rin," wọ́n ní, "mo ti ń ka èyí nínú ìwé látọjọ́ tó ti pẹ́, n ò rí i rí." Ooto ni, station wagon 504 ní súpírìn méjì-méjì lápá kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, ìdí tó fi ń gbé ẹrù tí ò yẹ kó gbé nìyẹn. Wọ́n sọ fún mi pé Kenya làwọn wà ní 1968 nígbà tí 404, ẹ̀gbọ́n 504, gba Safari, ọdún tí mọ́tò méje péré parí ìdíje náà, ẹ̀bá ọ̀nà làwọn dúró sí nínú òjò. A jókòó fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Wọ́n jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, wọ́n tún béèrè.

Aago mẹ́rin ààbọ̀, mo tan mọ́tò ká máa lọ, kò jó. Sítátà ń yí i dáadáa, epo ń wá. Mo yọ wáyà pulọ́ọ̀gì kan, mo gbé e súnmọ́ irin ẹ́ńjìnnì, iná tó jáde pupa rẹ́súrẹ́sú, kò láwọ̀ búlúù rárá. Mo ṣí díísíríbútọ̀, ibi tí iná ti ń pín lọ sáwọn pulọ́ọ̀gì, kọ́ńtáàtì inú ẹ̀ ti jó dúdú. Kọ́ńdẹ́ńsà ni. Kinní tí ò ju àtàǹpàkò ọmọdé lọ, òun ni kì í jẹ́ kí iná jó kọ́ńtáàtì, tó bá ti kú, mọ́tò ti kú nìyẹn. Mi ò mú òmíì dání. Oní-Morris ní òun ní tuntun, ti Morris, oní-Cortina ní kò lè wọ inú díísíríbútọ̀ Peugeot. Mo ní kò nílò kó wọ ibẹ̀. Ìtòsí Aṣéjíire ni mo ti rí bàbá mi tó ṣe é nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, kọ́ńdẹ́ńsà Volkswagen ìjàpá ni wọ́n fi ṣe é: ẹ já wáyà èyí tó kú, ẹ so wáyà tuntun mọ́ ojú kọ́ìlì tó lọ sí díísíríbútọ̀, ẹ wá há ara kọ́ńdẹ́ńsà náà mọ́ irin mọ́tò lábẹ́ nọ́ọ̀tì kan. Ó tán. Bàbá oní-Bentley ń gbé tọ́ọ̀ṣì, ọ̀dọ́bìnrin oní-2CV ń fi páálí sigá, bẹ́ẹ̀ ni, páálí sigá, wọn àyè àárín kọ́ńtáàtì fún mi lẹ́yìn tí mo fá a tán.

Ìgbà náà ni ọ̀gá alákẹtẹ̀ yọ. Ó ní a ò gbọdọ̀ tún mọ́tò ṣe lórí pápá, ìnṣọ́ránsì ò fàyè gbà á. Ẹnikẹ́ni ò dá a lóhùn. Bàbá oní-Bentley, tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n tẹrí ba fún lẹ́nu géètì láàárọ̀, ò tiẹ̀ gbé ojú sókè. Èmi ni mo sọ fún un pé kó jọ̀ọ́ kó sún díẹ̀, òjìji ẹ̀ bo iṣẹ́ mi. Ó sún. Ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì gbà lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó wà lórí ìlà ṣáláńgá pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin yẹn dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó lọ, ó padà wá, ó gbé àwo irin kékeré tí wọ́n máa ń fún gbogbo ẹni tó bá gbé mọ́tò wá, ó ní wọ́n gbàgbé tèmi. Kò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n òun fúnra ẹ̀ ló gbé e wá.

Mo kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ kejì, ojú ìwé méjì. Ìdáhùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ burú ju géètì lọ: wọ́n pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni, wọ́n ní inú àwọn dùn pé mo gbádùn ara mi, wọ́n já ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kúrò fún mi lọ́dún tó ń bọ̀. Mo tún kọ. Ọjọ́ kẹfà, obìnrin kan láti ọ́fíìsì wọn pè mí, ìṣẹ́jú 25 la fi sọ̀rọ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ka fọ́ọ̀mù mi lójú mi, ó ní nọ́ńbà 214 wà níbẹ̀ kedere kò sì sí àwíjàre kankan. Ó ní lọ́dún tó ń bọ̀ òun máa fi mí sí iwájú ìlà ilẹ̀ òkèèrè gan-an. Mo ní rárá, ẹ fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ Morris àti Cortina yẹn, ẹ kàn bá wa gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ: bọ́gà £14, ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Ẹ mú kọ́ńdẹ́ńsà àti fáńbẹ́ẹ̀lì dání. Tẹ́ ẹ bá rí i pé tiyín ò jẹ́ mọ́tò olówó ńlá, ẹ tún wo Festival of the Unexceptional, ó ti wà látọdún 2014, mọ́tò gbáàtúù nìkan ni wọ́n ṣe é fún.

Ìràwọ̀: 2 nínú 5. Mo ti san owó ti ọdún tó ń bọ̀.